Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ọkọ̀ Kékeré Tí Ó Ti Dàgbà Kí Owó Má Baà Ṣòfò

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré tí kì í jẹ epo púpọ̀, tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kìlómítà rẹ̀ sì ti kọjá 150,000, ṣì lè wúlò fún ẹni tí ó ni ín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí a bá wo ohun tí ó sábà máa ń rán irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí ààtàn ṣáájú àkókò rẹ̀, a ó rí i pé ẹ̀yà kékeré kan tí kò wọ́n ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ìjàǹbá náà: ìdérí rádíétọ̀ tí kò dé dáadáa mọ́, rọ́bà tí ó ya, ọ́ìlì tí ó lọ sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò. Ẹ̀yà kékeré náà yóò ba ẹ̀yà ńlá jẹ́, owó tí a ó sì fi tún ẹ̀yà ńlá ṣe lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń lọ lọ́jà. Ìdí nìyí tí mo fi to ìtọ́sọ́nà yìí bí ó ṣe yẹ kí owó máa jáde: ohun tí ó lè pa ènìyàn ni yóò ṣáájú, ohun tí ó lè pa ẹ́ńjìnnì ni yóò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ohun tí ó lè dá ọkọ̀ dúró sí ojú ọ̀nà. Ohun tí ó kàn ń bí ènìyàn nínú lásán, bíi gíláàsì tí kò lọ sókè mọ́ tàbí rédíò tí kò sọ̀rọ̀, lè dúró.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ipò tí ọkọ̀ wà kí ẹ tó náwó lé e lórí

Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ tí ó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀yà kan, ẹ kà á sí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀ rí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó ta ọkọ̀ kì í ṣe àkọsílẹ̀. Ẹ wá ìwé ìtọ́ni tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà tẹ̀ jáde, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí irú ọ́ìlì, irú omi rádíétọ̀ àti iye kìlómítà tí a fi ń pààrọ̀ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Àwọn iye tí ẹ ó rí nísàlẹ̀ yìí ni ó wọ́pọ̀ fún ọkọ̀ kékeré. Níbi tí ìwé ọkọ̀ yín bá ti sọ ohun mìíràn, ìwé náà ni kí ẹ tẹ̀lé.

Ẹ tẹ́ páálí fífẹ̀ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì ní alẹ́, kí ẹ sì wò ó ní òwúrọ̀ kí ẹ tó gbé ọkọ̀. Bí ohun tí ó kán sí orí páálí bá dúdú tàbí tí ó ní àwọ̀ ilẹ̀, tí ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Pupa sábà máa ń jẹ́ ọ́ìlì gíà ọ̀tọ̀mátíìkì tàbí ti sítíárìn. Àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí òórùn rẹ̀ dùn díẹ̀ ni omi rádíétọ̀. Omi mímọ́ tí kò ní òórùn, tí ó kán lẹ́yìn tí ẹ lo ẹ̀rọ amúlétutù, kì í ṣe àìsàn rárá. Èyí tí kò ṣeé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni omi yíyọ̀ tí ó kán sí ẹ̀gbẹ́ táyà tàbí sí abẹ́ ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sí, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ́ìlì bíréèkì, ọkọ̀ náà kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí a ó fi rí ibi tí ó ti ń jò.

Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá ni kí ẹ tàn án fún àyẹ̀wò, nítorí ọ̀pọ̀ ariwo àti èéfín tí ń tú àṣírí ẹ́ńjìnnì kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ kí ó tó pòórá. Ẹni tí ó fẹ́ ta ọkọ̀, tí ó ti tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé, lè ní ohun tí ó ń bò mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ san owó àyẹ̀wò fún mẹkáníìkì lọ́tọ̀, kí ó gbé ọkọ̀ náà sókè, kí ó sì kọ gbogbo ohun tí ó bá rí sílẹ̀ láì tíì tún ohunkóhun ṣe. Ẹ ra ìwé kékeré kan tí yóò máa wà nínú ọkọ̀, kí ẹ sì máa kọ ọjọ́, iye kìlómítà, iṣẹ́ tí a ṣe, orúkọ ẹ̀yà tí a rà àti owó rẹ̀ sínú rẹ̀. Ìwé yìí ni yóò sọ fún yín ní ọjọ́ iwájú bóyá ọkọ̀ náà ṣì yẹ ní títọ́jú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Bíréèkì, táyà àti ẹsẹ̀ ọkọ̀

Bíréèkì páàdì tuntun sábà máa ń nípọn tó mílímítà 10 tàbí 12, ó sì yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti ku mílímítà 3. Ọ̀pọ̀ páàdì ní irin pẹlẹbẹ kan lára tí yóò máa han gooro nígbà tí páàdì bá ń tán lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ ariwo yìí tí ó sì tètè lọ yóò san owó páàdì nìkan. Ẹni tí ó bá dúró títí ariwo náà fi di ti irin tí ń lọ irin yóò san owó dísìkì pẹ̀lú. Dísìkì ní ìwọ̀n tí ó kéré jù tí ó gbọdọ̀ nípọn mọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì máa ń tẹ̀ ẹ́ sí ara rẹ̀, nítorí náà ẹ ní kí mẹkáníìkì wọ̀n ọ́n kí ó tó sọ pé ó ṣì dára.

Ọ́ìlì bíréèkì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Ó máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, bí ọ̀rinrin náà bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀n tí ó fi ń hó ń lọ sílẹ̀. Ìlànà DOT 3, ọ̀kan lára oríṣi ọ́ìlì bíréèkì, ní kí ọ́ìlì tuntun má hó kí ó tó dé 205°C, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fa omi mọ́ra, ó lè hó ní 140°C. Ti DOT 4 jẹ́ 230°C àti 155°C. Bí ó bá hó lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn, pẹ́dàlì yóò wọlẹ̀, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Pípààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì wà lára iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù lọ nínú gbogbo ìtọ́jú ọkọ̀. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ti dúró, tí pẹ́dàlì sì ń rọra wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín láìsí ibi tí ọ́ìlì ti ń jò síta, ó ṣeé ṣe kí máásítà bíréèkì ti bàjẹ́ láti inú. Bí ọkọ̀ bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, tàbí tí táyà kan ń gbóná ju àwọn yòókù lọ, ẹ wo kálípà rẹ̀, irin tí ń fún páàdì mọ́ dísìkì. Ó lè ti há.

Lára táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn àwọn lẹ́tà DOT. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí a ṣe é, méjì tí ó kẹ́yìn ni ọdún, tí ó fi jẹ́ pé 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tí ó ti lé ní ọdún mẹ́fà nílò àyẹ̀wò lọ́dọọdún, èyí tí ó bá sì ti pé ọdún mẹ́wàá kò yẹ lójú ọ̀nà mọ́, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣì dà bíi tuntun. Òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní kí ìjìnlẹ̀ ojú táyà má kéré sí mílímítà 1.6, ṣùgbọ́n bí òjò bá ń rọ̀, èmi kò ní fẹ́ wà lórí ohun tí ó kéré sí mílímítà 3. Bí táyà ṣe ń jẹ tún máa ń sọ ìtàn: bí àárín bá jẹ, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, bí etí méjèèjì bá jẹ, afẹ́fẹ́ kò tó, bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá jẹ, ọkọ̀ nílò aláìnìmẹ́ǹtì (títo táyà kí wọ́n lè dojú kọ ibi tí ó tọ́), bí ó bá jẹ ní ihò ihò, ẹ yẹ ṣọ́ọ̀kì wò. Iye afẹ́fẹ́ tí ó tọ́ wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìgbà tí táyà bá sì tutù ni a ń wọ̀n ọ́n.

Ní ti ẹsẹ̀ ọkọ̀, etí ni ẹ ó kọ́kọ́ lò. Ariwo kọ́-kọ́-kọ́ tí ó ń dún nígbà tí ẹ bá yí sítíárìn dópin tí ẹ sì ń rìn jẹ́ ti oríkèé ọ̀pá tí ń yí táyà iwájú. Rọ́bà tí ó bo oríkèé yìí ni ó máa ń kọ́kọ́ ya, tí gíríìsì yóò fi dà nù, tí iyanrìn yóò sì wọlé. Bí ẹ bá pààrọ̀ rọ́bà náà ní ọjọ́ tí ó ya, ọ̀pá náà lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Ariwo gbì-gbì lórí ọ̀nà gbágungbàgun sábà máa ń jẹ́ ti búṣíǹgì tàbí ti ọ̀pá kékeré tí ó so sítábíláísà mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, èyí kò sì léwu púpọ̀. Ohùn kíkùn tí ó ń ga sókè bí ọkọ̀ ṣe ń sáré sí i, tí ó sì ń yí padà bí ẹ bá yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì, jẹ́ ti bẹ́ríìnì táyà. Èyí tí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la ni ball joint (oríkèé tí ó so táyà iwájú mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀) tí ó ti ń mì, nítorí bí ó bá já, táyà lè ṣẹ́ sí abẹ́ ọkọ̀ lójú eré.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì

Ẹ dúró sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́wàá, kí ẹ fa géèjì yọ, kí ẹ nù ún, kí ẹ tì í bọlé padà, kí ẹ sì tún fà á yọ láti wò ó. Ẹ́ńjìnnì kékeré kì í sábà gbà ju lítà 3 sí 4.5 lọ, nítorí náà lítà kan tí ó bá dín jẹ́ ohun ńlá. Nínú ọkọ̀ tí ó ti dàgbà, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni ó yẹ kí a máa wo géèjì yìí. Iná pupa ọ́ìlì tí ó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù kì í ṣe iná tí ń sọ pé ọ́ìlì dín díẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé agbára tí ń ti ọ́ìlì káàkiri ti lọ sílẹ̀, bí ó bá sì tàn lójú ìrìn, ẹ ní láti pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ó má baà nọ́ọ̀kì.

Fún ọkọ̀ tí ó ti dàgbà, kìlómítà 5,000 ni mo gbà pé ó bọ́gbọ́n mu láti fi pààrọ̀ ọ́ìlì lásán, kí a sì fi 8,000 sí 10,000 fún ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì, kí a sì máa pààrọ̀ asẹ́ ọ́ìlì pẹ̀lú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Nọ́ńbà bíi 5W-30 ní ìtumọ̀: èyí tí ó wà níwájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà tí ó tutù, èyí tí ó wà lẹ́yìn ń sọ bí ó ṣe ki tó nígbà tí ó bá gbóná dé 100°C. Àwọn kan máa ń sáré lọ sí ọ́ìlì tí ó ki gan-an nítorí pé ọkọ̀ ti gbó. Bí ìwé ọkọ̀ bá fàyè gba 5W-30 àti 10W-40, ẹ lè mú èkejì, ṣùgbọ́n kí ẹ má kọjá ohun tí ìwé náà kọ sílẹ̀, nítorí ọ́ìlì tí ó ki jù kì í tètè dé òkè ẹ́ńjìnnì ní òwúrọ̀.

Bí ọ́ìlì bá ń dín láìsí ibi tí ó ti ń jò, ẹ wo sáléńsà. Èéfín tí ó ní àwọ̀ búlúù, tí ó jáde fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré nígbà tí ẹ tan ọkọ̀ tí ó sùn mọ́jú, sábà máa ń wá láti ara rọ́bà fáàfù, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì tó títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Èyí tí ń jáde ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dàlì epo ń tọ́ka sí ríǹgì pístìnì, èyí sì jẹ́ owó ńlá. Kí ẹ tó gbà pé ríǹgì ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ fáàfù PCV, èyí tí ń jẹ́ kí èéfín tí ó há sínú ẹ́ńjìnnì jáde, wò. Ẹ̀yà kékeré ni, kò wọ́n, bí ó bá sì dí, ó lè mú kí ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ le máa mu ọ́ìlì bí aláìsàn. Bí ọkọ̀ bá ń mu ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀ tí kò sì yọ èéfín ṣìkìṣìkì, ó lè dín owó kù láti máa bù ú kún un ju láti tú ẹ́ńjìnnì lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Omi àti ìgbóná

Kò sí ibi tí ọkọ̀ kékeré tí ó ti gbó ti ń kú jù ibí yìí lọ. Orí ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ alumíníọ́mù, bí ó bá sì ti gbóná kọjá àlà, yóò tẹ̀ díẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì tí ó wà láàárín rẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù yóò jó, omi àti ọ́ìlì yóò sì dàpọ̀. Gáskẹ́ẹ̀tì náà kò wọ́n. Iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀, láti tú u, láti gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ fún àyẹ̀wò àti fífá, láti ra bóòtù tuntun àti láti dá gbogbo rẹ̀ padà, ni ó ń jẹ owó.

Ohun àkọ́kọ́ ni ohun tí ẹ ń dà sínú rádíétọ̀. Omi lásán ń dá ìpẹtà sílẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, omi ẹ̀rọ sì ń fi ìdọ̀tí líle sílẹ̀ nínú àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́. Kúláńtì tí a pò mọ́ omi tí a ti sọ di mímọ́, ìlàjì kan sí ìlàjì kejì, ni ó wọ́pọ̀. Oògùn tí ń dènà ìpẹtà nínú rẹ̀ máa ń tán: àwọn irú àtijọ́ yẹ fún pípààrọ̀ ní ọdún méjì, àwọn tí a ṣe fún ìgbà pípẹ́ lè tó ọdún márùn-ún. Àwọ̀ nìkan kò tó láti fi mọ irú tí ó jẹ́, nítorí náà ẹ má po oríṣi méjì pọ̀. Irú tí ìwé ọkọ̀ sọ ni kí ẹ rà.

Ìdérí rádíétọ̀ ni ó tẹ̀lé e, àwọn ènìyàn kì í sì í ka èyí sí rárá. Ìdérí yìí ni ó ń pa agbára mọ́ inú ètò omi náà kí omi má baà tètè hó. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti gbẹ, omi yóò máa hó ní ìgbóná tí kò yẹ kí ó hó, a ó sì máa fi owó ra rádíétọ̀ tuntun láìnídìí. Ẹ pààrọ̀ ìdérí kí ẹ tó fura sí ohun ńlá. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tẹ àwọn rọ́bà omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù: èyí tí ó bá le bí igi, tí ó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, tàbí tí ó wú ní ẹnu ibi tí a ti dè é, kò ní pẹ́ kí ó tó bẹ́.

Ibi tí ọkọ̀ ti ń gbóná ń sọ ohun tí ó ń ṣe é. Bí ó bá ń gbóná nígbà tí ó dúró tàbí nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, tí ó sì ń tutù bí ó bá ti ń sáré, fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, pẹ̀lú fúùsì, riléè àti sẹ́ńsọ̀ rẹ̀. Bí ó bá dára nígbà tí ó dúró tí ó sì ń gbóná lójú eré, ó ṣeé ṣe kí rádíétọ̀ ti dí tàbí kí omi má máa yí ká dáadáa. Bí rọ́bà òkè bá gbóná janjan tí ti ìsàlẹ̀ sì tutù lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tán, ó ṣeé ṣe kí thermostat, fáàfù tí ń ṣí ọ̀nà fún omi láti lọ sí rádíétọ̀, má ṣí. Ẹ̀yà yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 82°C sí 90°C. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yọ ọ́ jù nù pátápátá, mo sì gbà pé àṣìṣe ni. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì kì í gbóná dé ibi tí a ṣe é fún, yóò máa jẹ epo sí i, yóò sì máa tètè gbó. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, omi tilẹ̀ lè gba ọ̀nà àbùjá kọjá láì dé rádíétọ̀. Oògùn inú ìgò tí wọ́n ń dà sínú omi láti dí ibi tí ń jò kò yẹ fún nǹkan kan ju kí a fi dé ilé lọ. Ó máa ń dí ibi tí kò jò pẹ̀lú.

Bí abẹ́rẹ́ ìgbóná bá ń gòkè lójú ọ̀nà, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ tan ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sínú ọkọ̀ dé òpin rẹ̀, kí ẹ sì wá ibi tí ẹ ó dúró sí láìléwu. Bí kò bá sọ̀ kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí rádíétọ̀ nígbà tí ó gbóná, nítorí omi tí yóò tú jáde lè bó ojú àti ọwọ́. Ẹ má sì da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì tí ń jó bí iná, nítorí irin rẹ̀ lè sán.

Àmì pé gáskẹ́ẹ̀tì ti jó ni èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi tí ń dín láìsí ibi tí ń jò, ọ́ìlì tí ó ti di bíi mílíìkì, àti àgbá omi tí ń yọ ìfófó nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ìdánwò kan wà tí wọ́n fi omi aláwọ̀ búlúù ṣe, tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń yí padà sí yẹ́lò bí èéfín ẹ́ńjìnnì bá ti wọnú omi rádíétọ̀. Ẹ béèrè fún ìdánwò yìí kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú orí ẹ́ńjìnnì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bẹ́líìtì tàbí ṣéènì táímíǹgì

Ohun tí ń mú kí pístìnì àti fáàfù máa ṣiṣẹ́ ní ìbámu nìyí. Ẹ wádìí èyí tí ọkọ̀ yín ń lò. Bí bẹ́líìtì ni, kìlómítà 60,000 sí 100,000 tàbí ọdún márùn-ún sí méje ni ó sábà máa ń gbà, èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì. Rọ́bà máa ń gbó bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró sí ojú kan. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, bí bẹ́líìtì bá já, pístìnì yóò kọlu fáàfù, fáàfù yóò sì tẹ̀. Kì í sábà kìlọ̀ kí ó tó já. Nígbà tí wọ́n bá ti tú ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ tẹ́ńṣónà, àwọn róólà tí bẹ́líìtì ń gbà kọjá, àti wọ́tà pọ́ǹpù bí ó bá jẹ́ pé bẹ́líìtì náà ni ó ń yí i, nítorí iṣẹ́ kan náà ni a ó san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì bí pọ́ǹpù bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ṣéènì lè pẹ́ tó ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ bí ọ́ìlì bá ń rí pípààrọ̀ déédéé. Bí ó bá ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní òwúrọ̀, ó ti ń gùn ju bí ó ṣe yẹ lọ tàbí kí tẹ́ńṣónà rẹ̀ má lágbára mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Iná mànàmáná àti iná ẹ́ńjìnnì

Bátìrì sábà máa ń lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ooru sì ń gé ọjọ́ orí rẹ̀ kúrú. Mítà kékeré tí ń wọn fóòtì tó láti dá ẹjọ́ láàárín bátìrì àti alternator (ẹ̀rọ tí ń fi iná kún bátìrì), tí àwọn ènìyàn máa ń pààrọ̀ ọ̀kan dípò èkejì. Bí ọkọ̀ bá ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, bátìrì tí ó kún yẹ kí ó fi nǹkan bíi 12.6 hàn, 12.2 túmọ̀ sí pé ó ti sún mọ́ ìdajì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí mítà náà wà láàárín 13.8 sí 14.5. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 13, alternator tàbí bẹ́líìtì rẹ̀ ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀. Kí ẹ tó ra ọ̀kankan nínú wọn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì nu orí bátìrì, kí ẹ sì mú okùn ilẹ̀ tí ó lọ sí ara ẹ́ńjìnnì le dáadáa.

Ní ti iná ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ ọsàn tí ń tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996, àti ọkọ̀ tí ń lo bẹntiróòlù tí wọ́n tà ní Yúróòpù láti ọdún 2001, ní ihò OBD-II lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí a ti ń ka kóòdù àìsàn ọkọ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí ń ka kóòdù kò wọ́n, ó sì máa ń san owó ara rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n kóòdù ń sọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ni, kì í sọ ẹ̀yà tí a ó rà. P0301, fún àpẹẹrẹ, ń sọ pé sílíńdà kìíní kò jó epo dáadáa. Ẹ gbé kọ́ìlì sílíńdà kìíní lọ sí ìkejì. Bí kóòdù bá di P0302, kọ́ìlì ni, ẹ kò sì tíì ná kọ́bọ̀ kan. Bí kò bá yí padà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú pílọ́ọ̀gì. Pílọ́ọ̀gì lásán yẹ fún pípààrọ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 30,000, èyí tí ó ní irídíọ́mù lè tó 100,000. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, ihò kékeré lára rọ́bà afẹ́fẹ́ sì tó láti fà á. P0420 ni ó ń jẹ owó àwọn ènìyàn jù, nítorí wọ́n máa ń sáré ra catalytic converter (ẹ̀yà tí ń sọ èéfín sáléńsà di mímọ́) tuntun. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá sáléńsà ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tàbí bóyá ẹ́ńjìnnì ń jó ọ́ìlì, nítorí ohun tí ó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ yóò ba ti tuntun náà jẹ́. Bí iná náà bá ń ṣẹ́jú dípò kí ó tàn kalẹ̀, ẹ rọra wa ọkọ̀ dé ibi tí ẹ ó dúró sí, nítorí epo tí kò jó ń wọnú sáléńsà, ó sì ń sun ún.

Ìgbésẹ̀ keje: Gíà àti epo

Ọ́ìlì gíà ọ̀tọ̀mátíìkì tí ó dúdú, tí ó sì ń rùn bí ohun tí ó jóná, ti pẹ́ jù. Kìlómítà 60,000 dára fún pípààrọ̀ rẹ̀, irú tí ìwé ọkọ̀ sọ gan-an sì ni kí a lò, pàápàá fún gíà CVT, irú gíà ọ̀tọ̀mátíìkì tí kò ní ìpele gíà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú èyí tí ó bá lè dà jáde fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì da tuntun sí i. Fún gíà máńúà, bí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo sókè tí eré kò sì pọ̀ sí i lórí òkè, kílọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀. Ẹ pààrọ̀ irin tí ń tẹ dísìkì rẹ̀ àti bẹ́ríìnì rẹ̀ pọ̀ mọ́ dísìkì. Asẹ́ afẹ́fẹ́ rọrùn débi pé ẹnikẹ́ni lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí epo máa lọ sílẹ̀ ju ìdá mẹ́rin táǹkì lọ ní gbogbo ìgbà, nítorí epo ni ó ń tu pọ́ǹpù tí ó wà nínú táǹkì lára.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bí a ó ṣe ná owó náà

Ọdún àkọ́kọ́ ni ó máa ń wúwo jù, nítorí ẹ ń san gbèsè ìtọ́jú tí ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà fi sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi iye tí ẹ ná ní ọdún yẹn díwọ̀n àwọn tí ó ń bọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ya owó sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kí ẹ pín in sí mẹ́ta nínú ọkàn yín: sẹ́fíìsì tí ẹ mọ ọjọ́ rẹ̀, àwọn ohun tí ń gbó díẹ̀díẹ̀ bíi táyà, bátìrì àti páàdì, àti ohun àìròtẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ti ìkẹta yìí lọ́wọ́ ni ó máa ń wa ọkọ̀ tí ń gbóná dé ilé.

Ẹ san owó fún ìwádìí kí ẹ tó san owó fún ẹ̀yà. Mẹkáníìkì tí ó bá ń sọ pé “ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pààrọ̀ èyí wò ná” ń fi owó yín ṣe ìdánwò, ẹ̀yà mẹ́ta tí kò ní àìsàn sì lè ti lọ kí ó tó kan èyí tí ó bàjẹ́. Ẹ ní kí ó ṣàlàyé ìdí tí ó fi rò bẹ́ẹ̀, kí ó sì dá ẹ̀yà àtijọ́ padà fún yín. Ní ti ẹ̀yà àlòkù tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn, mo gbà á fún ilẹ̀kùn, iná, dígí àti fún alternator tí a ti dán wò. Mi ò gbà á fún páàdì, táyà, bẹ́líìtì táímíǹgì, wọ́tà pọ́ǹpù tàbí ball joint. Ẹ̀yà ayédèrú ni ó burú jù nínú gbogbo wọn, pàápàá pílọ́ọ̀gì, asẹ́ ọ́ìlì àti páàdì, nítorí páálí rẹ̀ máa ń jọ ti gidi. Bí owó rẹ̀ bá dín sí ìdajì ti gbogbo ọjà, ẹ fi sílẹ̀.

Ní òpin ọdún, ẹ ṣí ìwé kékeré náà, kí ẹ ṣe àròpọ̀ gbogbo owó, kí ẹ sì fi iye kìlómítà tí ẹ rìn pín in. Nígbà tí àtúnṣe ńlá kan bá dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi owó rẹ̀ wé iye tí ọkọ̀ náà ń lọ lọ́jà, wọ́n á sì tà á. Ìwọ̀n yẹn kò péye. Owó ọkọ̀ mìíràn ni ó yẹ kí ẹ fi wé e, pẹ̀lú gbèsè ìtọ́jú tí ọkọ̀ mìíràn náà yóò gbé wá, tí ẹ kò sì mọ ìtàn rẹ̀ bí ẹ ṣe mọ ti èyí. Bí ara ọkọ̀ bá le, tí gíà dára, tí ẹ sì ti ṣe bíréèkì àti bẹ́líìtì rẹ̀ láìpẹ́, títún ẹ́ńjìnnì ṣe lè bọ́gbọ́n mu. Bí ẹ́ńjìnnì àti gíà bá jọ ń kú lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò bọ́gbọ́n mu mọ́. Bí ìpẹtà bá sì ti jẹ ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti so mọ́ ara ọkọ̀, tàbí tí irin ń wọlẹ̀ níbi tí a ń fi jáàkì sí, ẹ dá owó dúró lọ́jọ́ náà. Ẹ tà á fún àwọn tí ń tú ọkọ̀ ta ní ẹ̀yà, kí ẹ sì kọ́kọ́ yọ bátìrì àti táyà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, bí wọ́n bá lè wúlò fún ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀.